Ẹrẹ̀ Oníwóró: Ọ̀nà Tuntun láti Sọ Omi Ẹ̀gbin Di Mímọ́

Àwọn baba wa máa ń sọ pé omi kò ní ọ̀tá. Omi ni a ń mu, òun ni a fi ń wẹ̀, òun ni a fi ń se oúnjẹ, òun náà ni a sì fi ń fọ ohun tí ó bá dọ̀tí. Ṣùgbọ́n bí a ti ń fi ọ̀yàyà pàdé omi tí ó ń wọlé bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni a ń kẹ̀yìn sí èyí tí ó ń jáde lọ. Omi tí a fi fọ abọ́, omi tí a fi wẹ ọmọ, omi tí ó gbé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, omi tí alápatà fi ṣan ẹ̀jẹ̀ ẹran, gbogbo wọn ni ó ní ibi tí wọ́n ń forí lé. Ọ̀rọ̀ omi tí a ti lò tán yìí, èyí tí a ó máa pè ní omi ẹ̀gbin, ni kókó ìjíròrò tòní.

Ìṣirò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún ọdún 2022 fi yé wa pé nínú gbogbo omi ẹ̀gbin tí ó ń ti ilé gbígbé jáde ní ayé, ìdá 58 nínú 100 ni a ń wẹ̀ mọ́ bí ó ti yẹ. Ìdá 42 tí ó kù ń lọ bá odò, ọ̀sà, òkun àti omi abẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbin rẹ̀ lára. Ohun tí ó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé ó ti lé ní 100 ọdún tí ọmọ ènìyàn ti mọ bí a ṣe ń wẹ irú omi bẹ́ẹ̀ mọ́. Àìmọ̀ kọ́ ni ó fa ìdádúró. Ohun mẹ́ta pàtàkì ni ó ń dí ọ̀pọ̀ ìlú lọ́wọ́: ilẹ̀ tí wọn yóò kọ́ ibùdó ìwẹ̀nùmọ́ omi sí, owó tí wọn yóò fi kọ́ ọ, àti iná mànàmáná tí ibùdó náà yóò máa jẹ lójoojúmọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ́ ọ tán. Ẹnikẹ́ni tí ó bá lè dín ẹrù mẹ́ta yìí kù ti ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ ìlú tí agbára wọn kò gbé e. Ìdí nìyí tí ìtàn ẹrẹ̀ oníwóró, tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Nẹ́dálándì fi ń wẹ omi ẹ̀gbin mọ́, fi yẹ ní gbígbọ́.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ ẹrẹ̀ yìí, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó wà nínú omi ẹ̀gbin. Ohun tí ó jẹ́ ìríra lójú ènìyàn, àsè ni lójú kòkòrò àìfojúrí. Ìyókù oúnjẹ, ọ̀rá, ìgbọ̀nsẹ̀ àti ìtọ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Bí ẹ̀gbin díẹ̀ bá bọ́ sínú odò tí ń ṣàn, àwọn kòkòrò inú odò náà yóò jẹ ẹ́, bí omi bá sì ti ṣàn lọ sí iwájú, yóò ti tòrò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń jẹun ni wọ́n ń mí, ọ́síjìn tí ó wà nínú omi náà ni wọ́n sì ń mí sínú. Nígbà tí ẹ̀gbin bá pọ̀ jù, wọn a mí ọ́síjìn náà tán, ẹja a kú, odò a sì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Kò tán síbẹ̀. Bí wọ́n tilẹ̀ jẹ ẹ̀gbin náà tán, náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ó ti inú ìtọ̀, ìgbọ̀nsẹ̀ àti àwọn ọṣẹ kan wá yóò ṣẹ́kù sínú omi. Ajílẹ̀ ni àwọn méjèèjì. Bí wọ́n ti ń mú ọkà dára nínú oko ni wọ́n ń mú kí ewéko tíńtìntín pọ̀ lójú omi, títí omi yóò fi di àwọ̀ ewé, tí ohun ẹlẹ́mìí kò sì ní lè gbé inú rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, iṣẹ́ mẹ́ta ni ó wà nílẹ̀ fún ẹni tí yóò wẹ omi ẹ̀gbin mọ́: kí ó mú ìdọ̀tí kúrò, kí ó mú náítírójìn kúrò, kí ó sì mú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kúrò.

Ìlú Delft ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì ni Antonie van Leeuwenhoek, oníṣòwò aṣọ, gbé. Ní àwọn ọdún 1670 sí 1679, ó fi awò kékeré tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wo ẹ̀kán omi, ó sì rí àwọn ẹ̀dá tíńtìntín tí wọ́n ń rìn káàkiri nínú rẹ̀, èyí tí ojú ènìyàn kankan kò tíì rí rí. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ó ju 200 ọdún lọ lẹ́yìn náà kí àwọn ènìyàn tó ronú láti kó wọn jọ, kí wọ́n sì fi iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́.

Ìlú Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ náà ti fìdí múlẹ̀. Ní ọdún 1912, ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Gilbert Fowler lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì ṣe àbẹ̀wò sí ibùdó ìwádìí kan ní ìlú Lawrence, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, níbi tí wọ́n ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi ẹ̀gbin. Nígbà tí ó padà dé, ó sọ ohun tí ó rí fún Edward Ardern àti William Lockett. Àwọn méjèèjì bu omi ẹ̀gbin sínú ìgò, wọ́n sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí omi náà tó mọ́ délẹ̀délẹ̀. Ibi tí ọgbọ́n wọn ti yọ ni pé wọn kò da ẹrẹ̀ tí ó rì sí ìsàlẹ̀ ìgò nù. Wọ́n da omi tí ó tòrò síta, wọ́n fi ẹrẹ̀ náà sílẹ̀, wọ́n sì bu omi ẹ̀gbin tuntun lé e lórí. Bí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, ẹrẹ̀ ń pọ̀ sí i, àkókò tí omi fi ń mọ́ sì ń dín kù, títí ó fi di ohun tí kò ju wákàtí 24 lọ. Gẹ́gẹ́ bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu àná ti ń mú kí ẹmu òní tètè kan, bẹ́ẹ̀ ni ẹrẹ̀ àná ń mú kí omi òní tètè mọ́, nítorí pé inú ẹrẹ̀ náà ni àwọn kòkòrò òṣìṣẹ́ ń gbé. Ní oṣù kẹrin ọdún 1914 ni wọ́n ka ìwádìí wọn sétí ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀. A lè pe ohun tí wọ́n rí ní ẹrẹ̀ alààyè. Lórí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ibùdó ìwẹ̀nùmọ́ omi ní àwọn ìlú ńlá ayé dúró lé títí di òní.

Ẹrẹ̀ alààyè yìí ṣe iṣẹ́ ribiribi, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan. Ó fúyẹ́ bí òwú. Nígbà tí a bá dá afẹ́fẹ́ dúró, kì í tètè rì. Bí ó bá yára tán, kò ju nǹkan bí mítà kan lọ ní wákàtí kan. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lè bu omi sínú ìgò méjì, kí ó já òwú wẹ́wẹ́ sínú ọ̀kan, kí ó da iyanrìn sínú èkejì, kí ó sì mi méjèèjì pọ̀. Iyanrìn yóò ti délẹ̀ kí a tó ka ení, èjì, ẹ̀ta. Òwú yóò ṣì máa rìn kiri nínú omi.

Nítorí pé ẹrẹ̀ náà kì í tètè rì, a ní láti kọ́ àgbá kọnkéré ràgàjì mìíràn tí omi yóò ti máa tòrò. Nítorí pé ẹrẹ̀ wà ní àgbá kan tí iṣẹ́ sì wà ní òmíràn, a ní láti fi ẹ̀rọ fa ẹrẹ̀ padà tọ̀sán-tòru. Nítorí pé kòkòrò tí ń ṣiṣẹ́ náítírójìn àti èyí tí ń ṣiṣẹ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kì í fẹ́ ibùgbé kan náà, a ní láti kọ́ àgbá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún wọn, kí a sì máa fa omi láti ọ̀dọ̀ èyí lọ sí ọ̀dọ̀ tọ̀hún. Fífẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi nìkan a máa jẹ tó ìdajì iná mànàmáná irú ibùdó bẹ́ẹ̀, nígbà mìíràn a sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá ṣe pé èédú tàbí gáàsì ni wọ́n ń sun kí iná náà tó jáde, a jẹ́ pé a ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbálẹ̀, a ń fi ọwọ́ òsì da ìdọ̀tí síta. Omi mọ́, afẹ́fẹ́ bàjẹ́.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi hàn gbangba pé ẹrẹ̀ lè ṣe ju òwú lọ ni Gatze Lettinga, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Wageningen, ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì kan náà. Ní àwọn ọdún 1970 sí 1979, ó ń wẹ omi ẹ̀gbin ilé iṣẹ́ ṣúgà láìlo afẹ́fẹ́ rárá. Ó ń jẹ́ kí omi wọlé láti ìsàlẹ̀ àgbá, kí ó sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀ la àárín ẹrẹ̀ kọjá. Àwọn kòkòrò tí kì í fẹ́ ọ́síjìn sì lẹ̀ mọ́ ara wọn, wọ́n di wóró dúdú líle. Wọ́n ń jẹ ẹ̀gbin, wọ́n sì ń tú gáàsì tí a lè fi dáná jáde. Lettinga kò fi òfin dáàbò bo àwárí rẹ̀ fún èrè ara rẹ̀. Ó yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé, ó sì gba ẹ̀bùn Tyler ní ọdún 2007. Ọ̀nà rẹ̀ gbilẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ olóoru bíi Brazil, India àti Colombia, nítorí pé irú àwọn kòkòrò bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn ooru. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ṣoṣo nínú mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe dáadáa. Wọ́n ń jẹ ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ń bá omi jáde lọ. Ìbéèrè tí ó wá kù ni èyí: ǹjẹ́ àwọn kòkòrò tí ń mí ọ́síjìn náà lè di wóró, kí iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè parí sí ojú kan?

Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìlú Delft, ìlú van Leeuwenhoek, wà lára àwọn tí ó wá ìdáhùn. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, Sef Heijnen, Mark van Loosdrecht àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ wóró nínú àgbá kékeré tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀. Ẹ̀tàn wọn kò le. Lẹ́yìn tí wọ́n bá dá afẹ́fẹ́ dúró, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ń fún ẹrẹ̀ láti rì, lẹ́yìn náà wọ́n a tú omi òkè dànù. Ẹrẹ̀ tí ó bá ti rì yóò kù nínú àgbá. Èyí tí ó bá ṣì ń léfòó, omi yóò gbé e lọ. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń fẹ́ ọkà, tí afẹ́fẹ́ ń gbé èèpo lọ, tí ọkà sì ń bọ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣa àwọn kòkòrò tí wọ́n mọ bí a ti ń so pọ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kòkòrò tí ó bá dá wà, omi a gbé e. Èyí tí ó bá fara mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò rí oúnjẹ jẹ lọ́la.

Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ pàdé ní ìlú Munich ní Jámánì láti fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí wọn yóò máa pè ní wóró. Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ àkójọ kòkòrò alààyè, kò gbọdọ̀ máa lẹ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí omi bá rọlẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ máa rì kíá ju ẹrẹ̀ àtijọ́ lọ. Ìtumọ̀ yìí bá ohun tí wóró jẹ́ nínú èdè Yorùbá mu. Wóró iyọ̀, wóró àgbàdo, ohun kékeré tí ó dá dúró, tí ó le, tí a sì lè kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni.

Síbẹ̀, ìṣòro ńlá kan wà. Wóró àkọ́kọ́ kì í pẹ́ bàjẹ́. Nígbà tí oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ bá jọ dé lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn kòkòrò tí ń yára dàgbà ni yóò jẹ gàba. Wọn a máa na apá jáde bí ọwọ́ okùn láti ara wóró, wóró a di játijàti, a sì tún padà fúyẹ́ bí òwú. Kí ó má baà rí bẹ́ẹ̀, a ní láti máa fẹ́ afẹ́fẹ́ líle sí wọn kí ó lè máa gé apá wọn. Afẹ́fẹ́ líle sì ń jẹ iná púpọ̀. Bí ọ̀ràn náà bá dúró síbẹ̀, kò sí ìlú tí yóò lè lò ó.

Àwọn baba wa ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Merle de Kreuk, tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé nígbà náà, àti olùkọ́ rẹ̀ van Loosdrecht yí ètò oúnjẹ padà. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2004, wọ́n fi hàn pé ó sàn kí a dá afẹ́fẹ́ dúró nígbà tí a bá ń fún wóró ní oúnjẹ. Omi ẹ̀gbin yóò gba ìsàlẹ̀ wọlé, yóò sì rọra la àárín wóró tí ó ti rì kọjá. Kòkòrò tí ń yára kò lè dá nǹkan ṣe lákòókò yìí, nítorí kò sí ọ́síjìn tí yóò fi dàgbà. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n mọ bí a ti ń kó oúnjẹ pamọ́ sínú ara, bí àgbẹ̀ ti ń kó àgbàdo sínú àká. Àwọn wọ̀nyí yóò kó gbogbo oúnjẹ náà mì. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dé, tí àwọn tí ń yára bá ń wá ohun tí wọn yóò jẹ, àká àwọn tí ń rọra ti kún. Wọn yóò máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, wọn yóò máa dàgbà díẹ̀díẹ̀, ara wóró yóò sì máa dán láìsí pé a ń fi afẹ́fẹ́ líle nà wọ́n. Èrè mìíràn tún wà níbẹ̀: àwọn tí ń kó oúnjẹ pamọ́ yìí kan náà ni wọ́n ń fa fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mì nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dé. Ètò oúnjẹ tí ó mú wóró dúró ṣinṣin ni ó tún ń mú ajílẹ̀ kúrò nínú omi.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo wóró kan, tí ó tóbi tó mìlímítà kan tàbí méjì. Ó dà bí ìlú tí ó ní àdúgbò. Àwọn tí ń gbé ẹ̀yìn odi, ní ara wóró lóde, ni afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ ń bá. Wọ́n ń mí ọ́síjìn, wọ́n sì ń sọ amóníà inú ìtọ̀ di náítíréètì. Ọ́síjìn a ti tán kí ó tó dé àárín ìlú. Àwọn ará inú wá ń mí náítíréètì tí ó ń wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn ará òde, wọ́n sì ń sọ ọ́ di náítírójìn lásán, tí yóò padà sínú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí láìpa ẹnikẹ́ni lára. Ohun tí a máa ń kọ́ àgbá mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún, inú wóró kan ṣoṣo ni ó ti ń ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà àgbá kan ti tó, ìpele mẹ́ta sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Èkíní, omi ẹ̀gbin ń wọlé nísàlẹ̀, omi tí ó ti mọ́ tẹ́lẹ̀ sì ń jáde lókè. Èkejì, afẹ́fẹ́ ń wọlé, àwọn kòkòrò sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀kẹta, afẹ́fẹ́ dúró, wóró rì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìpele èkíní sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá rántí ìgò Ardern àti Lockett yóò rí i pé ọgbọ́n 1914 ni ó tún padà wá: ẹ bu omi, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ kí ó tòrò, ẹ dà á, kí ẹ sì pa ẹrẹ̀ mọ́.

Láti àgbá kékeré inú yàrá ìwádìí dé inú ìlú, ọ̀nà jìn. Láti ọdún 2003 ni wọ́n ti ń dán an wò pẹ̀lú omi ẹ̀gbin gidi ní ìlú Ede. Yunifásítì pèsè ìmọ̀, ilé iṣẹ́ àwọn ẹnjiníà tí ó wá di Royal HaskoningDHV lẹ́yìn náà pèsè ọgbọ́n ìkọ́lé, àwọn ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso omi ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì sì fi owó sí i. Wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ òwò, Nereda. Ilé iṣẹ́ wàràkàṣì kan wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ lò ó. Ní ọdún 2009, Gansbaai, ìlú àwọn apẹja ní etíkun Gúúsù Áfíríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi wẹ omi ẹ̀gbin ìlú mọ́, kí ilẹ̀ Nẹ́dálándì fúnra rẹ̀ tó ní ọ̀kan fún ìlú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2012, Willem-Alexander, tí ó jẹ́ àrẹ̀mọ ọba nígbà náà tí ó sì jọba ní 2013, ṣí ibùdó ti ìlú Epe. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì í gbọ́ o: Epe ti ilẹ̀ Nẹ́dálándì ni, kì í ṣe Ẹ̀pẹ́ etí ọ̀sà ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Omi ilé gbígbé àti omi ilé ìpẹran ni ó ń lọ sí ibẹ̀.

Èso rẹ̀ ńkọ́? Ní Garmerwolde, lẹ́bàá ìlú Groningen, wọ́n kọ́ àgbá oníwóró sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2015 fi hàn pé iná mànàmáná tí ó ń jẹ fi ìdá 58 sí 63 nínú 100 dín sí ti àwọn ibùdó ẹrẹ̀ àtijọ́ ní ilẹ̀ náà, àyè tí ó gbà nínú àgbá sì fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta kéré. Ní ìlú Dublin ní orílẹ̀-èdè Ireland, ibùdó Ringsend wà létí òkun, kò sì sí ilẹ̀ púpọ̀ tí wọ́n lè fi gbòòrò. Èrò wọn àkọ́kọ́ ni láti gbẹ́ ihò abẹ́ òkun tí ó gùn tó kìlómítà 9 kí omi ibùdó náà lè jáde jìnnà sí etíkun. Wọ́n fi èrò náà sílẹ̀, wọ́n sì sọ àwọn àgbá wọn àtijọ́ di ti wóró. Ní ọdún 2018, van Loosdrecht àti Bruce Rittmann ará Amẹ́ríkà jọ gba ẹ̀bùn omi ti ìlú Stockholm, nítorí iṣẹ́ wọn lórí kòkòrò àìfojúrí àti omi.

Ẹrẹ̀ tí ó bá pọ̀ jù náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn ń kó o dànù tàbí kí wọ́n sun ún. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú wóró le ni oje kan tí àwọn kòkòrò ń tú jáde láti fi lẹ ara wọn pọ̀, ẹ̀tọ́ sì ni pé kí a wá ìlò fún un. Ní ọdún 2019 wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ kan sí ìlú Zutphen, níbi tí wọ́n ti ń yọ oje yìí láti inú wóró tí ó jẹ omi ẹ̀gbin ilé iṣẹ́ wàrà, Epe sì tẹ̀lé e ní 2020. A lè fi bo ajílẹ̀ kí ó má baà tètè yọ́, a sì lè fi bo kọnkéré tútù kí omi ara rẹ̀ má baà tètè gbẹ. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Kaumera, ọ̀rọ̀ èdè Māori, àwọn ará New Zealand, tí ó túmọ̀ sí agẹmọ, nítorí pé ọ̀nà tí a lè gbà lò ó pọ̀ bí àwọ̀ ara agẹmọ.

Ó wá ku ohun tí àwọn alátakò lè sọ, ẹ̀tọ́ wọn sì ni láti sọ ọ́. Wọ́n lè ní wóró kì í yára hù. Òótọ́ ni. Ibùdó tí kò bá rí wóró tọrọ láti ibòmíràn lè lo ọ̀pọ̀ oṣù kí tirẹ̀ tó dúró. Wọ́n lè ní nígbà tí kòkòrò bá ń ṣiṣẹ́ náítírójìn, gáàsì kan tí ń mú ayé gbóná ju kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì lọ ní ìlọ́po 270 lè jáde díẹ̀díẹ̀. Òótọ́ nìyẹn náà, kò sì yọ ẹrẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn òṣìṣẹ́ fi gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ lójú méjèèjì. Wọ́n lè ní iná tí ó dín kù kì í ṣe iná tí kò sí, àti pé ìlú tí iná rẹ̀ ń ṣe ségesège kò lè gbójú lé afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ. Fún irú ìlú bẹ́ẹ̀ tí ó bá wà ní ilẹ̀ olóoru, ọ̀nà Lettinga, tí kò bèèrè afẹ́fẹ́, lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ tí ó dára jù.

Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù ni ti páìpù. Ní ìlú tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ti gbẹ́ ṣáláńgá tirẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, wóró kò lè jẹ omi tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí a tó ra ẹ̀rọ, ó yẹ kí a ti mọ ọ̀nà tí ẹ̀gbin yóò gbà dé ibẹ̀, ìbáà jẹ́ páìpù, ìbáà jẹ́ ọkọ̀ tí ń kó ìgbọ̀nsẹ̀. Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ìmọ̀ náà tún wà níbẹ̀. Lettinga yọ̀ǹda tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Nereda ní ilé iṣẹ́ tí ó ni ín, ẹni tí ó bá sì fẹ́ ẹ yóò sanwó. Kò yẹ kí a yára dá ẹjọ́ yìí. Owó tí ilé iṣẹ́ náà retí ni ó mú kí ó lè fara da ọ̀pọ̀ ọdún ìdánwò kí wóró tó kúrò nínú yàrá ìwádìí dé inú ìlú. Ṣùgbọ́n omi tí ìlú òtòṣì bá bà jẹ́ nítorí àìlówó, odò kan náà ni yóò gbé e kọjá lẹ́nu ọ̀nà ọlọ́rọ̀. Bí a ó ti san ẹ̀san fún ẹni tí ó ṣàwárí, tí a kò sì ní ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí kò ní, jẹ́ ìbéèrè tí ó kan olóṣèlú, amòfin àti oníṣirò owó gẹ́gẹ́ bí ó ti kan onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé e yẹ̀ wò nínú ìjíròrò wọn.

Ohun kan dájú nínú gbogbo ìtàn yìí. Kòkòrò tí ń rọra dàgbà ti wà nínú omi kí a tó bí van Leeuwenhoek. Ẹnikẹ́ni kò dá wọn, ẹnikẹ́ni kò sì fi kún agbára wọn. Ohun tí àwọn ènìyàn Delft ṣe ni pé wọ́n wò wọ́n pẹ́ títí wọ́n fi mọ ohun tí wọ́n fẹ́, ìgbà tí wọ́n fẹ́ ẹ, àti ẹni tí ó yẹ kí ó bá wọn gbé. Ẹni tí ó bá rọra pa eèrà yóò rí ìfun inú rẹ̀. Ìlú tí ó bá ní òun yóò fi owó àti ẹ̀rọ nìkan ṣẹ́gun ẹ̀gbin rẹ̀ yóò máa sanwó títí ni. Èyí tí ó bá kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ láti fi sùúrù wo ohun tí ó wà nínú ẹ̀kán omi kan lè rí òṣìṣẹ́ tí kì í gba owó oṣù nínú ohun tí ó ń dà nù lójoojúmọ́.

Ó di ọwọ́ ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́.